Iṣẹ́ Láádá: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lè Ṣe fún Àdúgbò Rẹ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá wa, tí Ó fún wa ní ọpọlọ tí a fi ń kàwé àti ọwọ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe, èyí tí àwa Mùsùlùmí máa ń pè ní iṣẹ́ fisàbílíláhì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe fún ẹlòmíràn nítorí Ọlọ́hun, tí kò gba owó lé e lórí, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú un ṣe é. Àwọn tí wọ́n wà ní yunifásítì ni a dìídì kọ ọ́ fún, nítorí pé láàárín wọn ni a ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù: "Ẹ jẹ́ kí n kàwé tán ná, kí n ríṣẹ́, ìgbà náà ni n óò lè máa ran ènìyàn lọ́wọ́." Ẹ jẹ́ kí á wò ó bóyá ẹ̀sìn wa fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

OHUN TÍ ẸSÌN FI KỌ́ WA

Ẹ ṣí Alùkùránì Alápọ̀nlé sí Súúrà Al-Qasas (28), áyà 23 sí 25. Níbẹ̀ ni a ti sọ ìtàn Ànábì Músá nígbà tí ó sá kúrò ní Íjíbítì. Kò nílé, kò ríṣẹ́, kò sì sí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ibi omi Mádíyánì, ó rí àwọn darandaran tí wọ́n ń fún ẹran wọn lómi, ó sì rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran tiwọn dúró sẹ́yìn. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí ó ṣe wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò lè fún ẹran lómi àfi bí àwọn darandaran bá kúrò níbẹ̀, àti pé bàbá àwọn ti darúgbó. Músá bá wọn fún ẹran wọn lómi, ó padà sábẹ́ ibòòji, Ọlọ́hun nìkan ni ó sì sọ àìní tirẹ̀ fún.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé Músá kò dúró di ìgbà tí nǹkan bá ṣẹnuure fún un kí ó tó ran ènìyàn lọ́wọ́. Òun gan-an ni ó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ́jọ́ náà. Èkejì ni pé ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀, kò kàn já okùn gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta ni pé nígbà tí ó ṣe é tán, kò dúró dúpẹ́ gbà. A mọ̀ pé láti ibẹ̀ náà ni Ọlọ́hun ti fún un ní ilé, ìyàwó àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni ó ṣe fa omi.

Nínú Súúrà Al-Má'ún (107), Ọlọ́hun bá àwọn kan wí tí wọ́n ń kírun, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣe é fún àṣehàn, tí wọ́n sì ń fi ìrànlọ́wọ́ kékeré du ọmọnìkejì wọn. Ẹ kíyè sí i pé ìrun àti ìrànlọ́wọ́ ni a so pọ̀ nínú súúrà kan náà. Ẹni tí ó ń ké àdúà gùn ní mọ́sálásí ọgbà yunifásítì, tí kò mọ orúkọ ìyá tí ó ń gbá ilẹ̀ họ́sítẹ́lì rẹ̀, kí ó lọ ka súúrà yìí dáadáa.

Bí ẹnìkan bá ní òun kò lówó láti ṣe sàárà, Ànábì wa ti dá a lóhùn. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ó kọ́ wa pé sàárà ni ó wà lórí gbogbo oríkèé ara ọmọ ènìyàn ní ojoojúmọ́, àti pé ẹni tí ó bá ran ènìyàn lọ́wọ́ láti gbé ẹrù lé ẹran rẹ̀, tàbí tí ó kó ohun tí ó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà, sàárà ni ó ṣe. Àwọn méjèèjì yìí náà ni wọ́n gba ìtàn obìnrin kan wá, tí ó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Nígbà tí ó kú, àwọn sàhábà sin ín láìsọ fún Ànábì, nítorí pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí bàbàrà. Nígbà tí Ànábì béèrè rẹ̀ tí ó sì gbọ́, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni iṣẹ́ obìnrin yìí.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ní ọdún kejì Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 624, lẹ́yìn ogun Bádírì, àwọn kan wà nínú ẹrú ogun tí wọn kò ní owó ìràpadà. Gẹ́gẹ́ bí Imam Ahmad ṣe gbà á wá, Ànábì gbà kí wọ́n fi kíkọ́ àwọn ọmọ Ansar ní ìwé kíkọ ra ara wọn padà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìmọ̀ tí ó wà lórí ènìyàn tó owó. Ní ogun Khandaq ní ọdún 627, Rufaida, obìnrin ará Aslam, pa àgọ́ sí mọ́sálásí Mẹ̀dínà, ó ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Sa'd ọmọ Mu'adh lọ nígbà tí ọfà bà á. Kí àwọn arábìnrin wa má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìlú kò kàn wọ́n.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní ọdún 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà (MSSN) sílẹ̀ ní Èkó. Olóògbé Lateef Adégbìtẹ́ tí ó jẹ́ ààrẹ wọn àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà nígbà náà. Bí wọ́n bá ti ní àwọn óò dúró di ìgbà tí àwọn bá ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí rí ẹgbẹ́ tí yóò gbà wá sọ́dọ̀ nígbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn mìíràn máa ń sọ pé àwọn óò sin ìlú nígbà tí àwọn bá di àgùnbánirọ̀. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1973 tí ìjọba ti dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ìdàgbàsókè àdúgbò jẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni, òfin ni ó sì mú ènìyàn dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ti fi ìrànlọ́wọ́ kọ́ra ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó lò ní yunifásítì, ọjọ́ iṣẹ́ àdúgbò ni yóò máa wá ọ̀nà tí yóò gbà sá lọ sílé.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, àwa mẹ́fà lọ sí abúlé kan tí ó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa. A ní a fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ní ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́mọ́ọ̀mù abúlé náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí. Ọmọ mọ́kànlá ni ó wá ní Sátidé àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Inú wa dùn púpọ̀, a sì ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tiwa dé. Kò sí ẹni tí ó lọ, kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́. Olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ti lọ sọ. Láti inú ìdánwò ni a ti bọ́ sí ìsinmi. Nígbà tí a wọlé padà, mo pàdé lẹ́mọ́ọ̀mù yìí ní ọjà. Wọ́n dáhùn ìkíni mi, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi, wọn kò sì bínú. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Ọmọ mi, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ kò ní lè wá, ẹ̀ bá ti sọ fún wa. Sátidé méjì ni àwọn ọmọ yẹn fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ tí wọ́n jókòó dè yín títí oòrùn fi kàn tàrí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ. Ọlọ́hun ti sọ fún wa nínú Súúrà Al-Isrá' (17), áyà 34, pé kí á mú àdéhùn wa ṣẹ, nítorí pé a óò bi wá léèrè nípa rẹ̀. A rò pé oore ni a ń ṣe, oore kò sì ní àdéhùn. Irọ́ ni. Ní ọjọ́ tí a ti sọ fún ọmọ kan pé kí ó wá ní Sátidé, gbèsè ti dé.

A padà lọ tọrọ àforíjì, a sì dín ohun tí a ṣèlérí kù. A kọ orúkọ sílẹ̀ ní méjì méjì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ó máa lọ, a sì sọ fún àwọn ọmọ náà ṣáájú àkókò pé a kì yóò wá ní oṣù ìdánwò. Iye àwọn ọmọ náà kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró títí a fi jáde. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí Ànábì wa fi kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe lemọ́lemọ́, bí ó tilẹ̀ kéré.

ÀWỌN IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

1. Kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́. Ibikíbi tí yunifásítì bá wà, àwọn ọmọ tí kò lówó ẹ̀kọ́ àfikún wà nítòsí rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan. Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ẹgbẹ́ àsàlátù ni kò lè ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn. Ẹ lè fi wákàtí kan kọ́ wọn ní ìwé kíkà lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Ẹ rántí pé ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi yanṣẹ́ lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan fi ìgbà náà sùn, àwọn kan fi kọ́ iṣẹ́ ìjìbìtì. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́, kí ó bá wa nídìí iṣẹ́ rere.

2. Fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ àti ọmọ tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ kò lè dúró kí á máa wá ẹni kiri. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, tí ó sì wọn tó kílò 50 lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà jẹ́ bíi mílílítà 450. Ọkùnrin lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́rin. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Má ṣe gba owó lé e lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fẹ́ kí á máa gbà á lọ́wọ́ àwọn tí kò tà á, nítorí pé ẹni tí owó ń lé kiri lè fi àìsàn pamọ́.

3. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AS àti SS. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe lọ́nà kan nínú mẹ́rin kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìṣègùn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ lẹ́mọ́ọ̀mù, kí ẹ ṣe àlàyé yìí fún àwọn ọ̀dọ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti yìgì, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí a ti ta aṣọ ẹbí tán ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò.

4. Ìmọ́tótó àti ojú àgbàrá. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìdọ̀tí tí ó dí ojú àgbàrá wà lára ohun tí ó ń mú omi ya wọlé. Ọkọ́, ṣọ́bìrì àti bàtà rọ́bà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò onígbáméjì, ẹ kọ́ àwọn ará ilé bí a ti ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà: ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀, tí a gé lórí dọ́gba, sínú lítà omi mímọ́ kan. Kí wọ́n máa fún aláìsàn mu bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Ìrànlọ́wọ́ ojú ẹsẹ̀. Òfin ni ó gbé ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà kalẹ̀ ní ọdún 1960, wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti bí a ti ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ dá. Àwọn Mùsùlùmí kan ń sá nítorí àmì àgbélébùú. Kí wọ́n mọ̀ pé ní ọdún 1864 tí a gba àmì náà wọlé ní Geneva, kì í ṣe àmì ṣọ́ọ̀ṣì ni a mú un fún. Àwọ̀ àsíá Switzerland ni a yí padà. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Mùsùlùmí, oṣù pupa ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ kan náà sì ni.

6. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ẹni tí ó ń kọ́ ìṣirò owó lè bá mọ́sálásí àdúgbò to ìwé owó wọn. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń pa èso mọ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Ẹni tí ó ń kọ́ òfin lè bá àwọn agbẹjọ́rò lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti ń retí ìdájọ́ tí kò tíì dé. Nínú Súúrà Al-Insán (76), áyà 8 àti 9, Ọlọ́hun yin àwọn tí wọ́n ń bọ́ tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn, tí wọn kò sì retí ẹ̀san tàbí ọpẹ́.

ÀWỌN OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Àníyàn ni ó ṣáájú. Ní Súúrà Al-Baqarah (2), áyà 264, Ọlọ́hun kìlọ̀ pé kí á má ṣe fi ìrègún àti ìpalára ba sàárà wa jẹ́. Yíya fọ́tò ojú ọmọ òrukàn bí ó ti ń gba ìwé méjì lọ́wọ́ rẹ, tí o wá ń pín in kiri orí fóònù, ìrègún ni.

Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é. Ẹ lọ rí baálé, lẹ́mọ́ọ̀mù àti àwọn ìyálọ́jà, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí ó ń dùn wọ́n. Zul-Qarnayn nínú Súúrà Al-Kahf (18), áyà 93 sí 97, gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn náà, ó kọ owó wọn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi agbára wọn ran òun lọ́wọ́. Kò mọ odi náà fún wọn bí ẹni pé wọn kò lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò gbọdọ̀ fún ènìyàn ní oògùn bí dókítà kò bá sí níbẹ̀. Owó tí a bá sì gbà fún iṣẹ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, kí a kà á sójú jàmáà.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀sìn ya àwọn tí ẹ óò ràn lọ́wọ́ sọ́tọ̀. Kí Ànábì wa tó gba iṣẹ́ òjíṣẹ́, ó wà níbi májẹ̀mú kan ní ilé Abdullah ọmọ Jud'an ní Mẹ́kà, níbi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan láti gbèjà ẹni tí a bá fìyà jẹ. Lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé, ó ní bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè náà. Nítorí náà, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì bá ń kó ìdọ̀tí ojú àgbàrá, ẹ mú ṣọ́bìrì tiyín wá.

Ní ìparí, ẹ má ṣe pa ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí yín rán yín lọ kọ́ tì. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí méjì péré ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tí méjì bá wọ̀ lọ́rùn, kí ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rí i pé ẹyọ kan náà kò yẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí Ànábì Músá ṣe ní Mádíyánì àti ohun tí a bá wí nínú Súúrà Al-Má'ún?
2. Ìmọ̀ wo ni ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa tí ẹnìkan ní àdúgbò yìí nílò lónìí?
3. Ǹjẹ́ ìlérí kan wà tí ẹ̀ka wa ti ṣe fún àwọn ènìyàn, tí a kò padà lọ mú ṣẹ? Ta ni yóò lọ bá wọn, ọjọ́ wo sì ni?

Kí ẹ tó túká ní ìpàdé yín, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹta sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba gba iṣẹ́ wa, kí Ó fi àníyàn rere sí wa lọ́kàn, kí Ó má sì jẹ́ kí ọmọ tálákà jókòó dè wá lásán. Àmín.